Ojú Ewé Kejìdínlógójì

"Ẹ̀yin lẹ kọ eléyìí?"

Bàbá àgbàlagbà kan kò tíì jókòó tó fi bi olùkọ́ obìnrin kan ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ìwé ìdánwò kan ló gbé sórí tábìlì, ó fi ìka tọ́ ibi tí báírò pupa ti kọ̀wé sí. Olùkọ́ obìnrin náà tẹjú mọ́ ọn. Ìkọ̀wé tirẹ̀ ni, kò ṣeé sẹ́. Òdo ló fún akẹ́kọ̀ọ́ náà nínú ìbéèrè kẹta, ó wá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Lọ ka ìwé dáadáa kó o tó wá máa jiyàn."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà, èmi ni." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti rò pé òbí mìíràn ló tún wá bẹ̀bẹ̀ fún máàkì. "Ṣé ọmọ yín ni?"

"Ọmọ ọmọ mi ni. Èmi sì ni ẹni tí ìbéèrè kẹta ń sọ̀rọ̀ rẹ̀."

Ẹ̀rín yẹn kú sí i lẹ́nu.

Ẹnu-Abẹ ni gbogbo ẹ̀ka tó ti ń kọ́ni ní yunifásítì ń pe olùkọ́ yìí. Kì í bú èèyàn lójú o. Inú ìwé ló ti ń ṣe é. Bí ọ̀mọ̀wé kan bá kọ ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó di kó gbé kálàmù, kó gé onítọ̀hún wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Èyí tó gé dáadáa jù nínú gbogbo wọn ni bàbá yìí. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ó kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ìwé tí bàbá náà ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, ìwé lórí ìdí tí àwọn ọmọ àgbẹ̀ fi ń pa ilé ìwé tì. Ó ní bàbá náà pe àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ọ̀lẹ. Ó fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ yọ, ó kọ nọ́ńbà ojú ewé síbẹ̀, ó wá fi odidi ojú ewé mẹ́rìndínlógún nà án ní pàṣán. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un káàkiri. Àpilẹ̀kọ yìí ló fi ń kọ́ àwọn ọlọ́dún kìíní, inú rẹ̀ ló ti mú ìbéèrè kẹta, òun náà ló sì wà lókè pátápátá nínú fọ́ọ̀mù ìgbéga rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì.

Bàbá tó nà ní pàṣán ọ̀hún ló wá dúró síwájú rẹ̀ yìí, tòun ti ọ̀pá, tó ń wá ibi tí yóò jókòó sí.

"Ẹ jókòó, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó." Ó sáré kó ìwé kúrò lórí àga.

Bàbá jókòó. Ó yọ ìwé kan nínú ọ̀rá, ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń ya. Ó ṣí i, ó sì tì í sí olùkọ́ náà. "Ẹ bá mi ka ibi tẹ́ ẹ fà yọ. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́."

Ojú ewé kẹtàdínlógójì ni, ìlà méjì tó kẹ́yìn. Ó kà á sókè: "Ọ̀lẹ ló ń bá àwọn ọmọ wọ̀nyí jà. Ẹni tó bá fẹ́ kàwé nínú wọn, yóò kàwé."

"Ṣé ohun tí mo kọ nìyẹn?"

"Ohun tẹ́ ẹ kọ nìyẹn, sà." Ọkàn rẹ̀ tiẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀. Ó kúkú wà níbẹ̀.

"Ẹ ṣí i sí òdì kejì."

Ó ṣí i. Báyìí ni ojú ewé kejìdínlógójì ṣe bẹ̀rẹ̀: "Ohun tí àwọn ọ̀gá ilé ìwé mọ́kànlá sọ fún mi nìyẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Irọ́ ni. Ìdí tó fi jẹ́ irọ́ ni mo ṣe kọ ìwé yìí."

"Yéè!" Kò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, bóyá yóò yí padà. Kò yí padà.

"Ẹ má bínú o, ìbéèrè kan ló kù," ni bàbá wí. "Ṣé ẹ ti ṣí ìwé yìí rí kó tó di òní?"

Ká sòótọ́, kò ṣí i rí. Inú àpilẹ̀kọ ẹlòmíràn ló ti rí gbólóhùn yẹn, tòun ti nọ́ńbà ojú ewé rẹ̀, ó sì dà á kọ. Bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń ṣe é nìyẹn nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ wọ́n lọ́rùn: wọ́n á mú ohun tí ẹnì kan fà yọ, wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, wọ́n á wá ṣe bí ẹni pé àwọn fúnra wọn ló ka ìwé náà. Ó lè purọ́. Ó lè ní ó ti pẹ́, òun ti gbàgbé.

"Rárá, sà. Mi ò ṣí i rí."

Bí ilẹ̀ bá lanu gbé e mì lọ́jọ́ yẹn, ìbá dúpẹ́. Òun tó kọ "Lọ ka ìwé" fún ọmọ ọlọ́mọ! Ọmọ ti ka ìwé. Olùkọ́ ni kò kà á. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná, ọrùn rẹ̀ gbóná, kò sì lè gbójú sókè. "Ẹ" tí àgbàlagbà náà tún ń pè é yẹn gan-an ló burú jù. Ká ní ó bú u ni, ìbá sàn.

Ó jáde lẹ́yìn tábìlì, ó kúnlẹ̀ lórí símẹ́ǹtì. "Ẹ dárí jì mí, sà. Ẹ jọ̀ọ́. Mo ṣẹ̀ yín."

"Dìde, ọmọ mi." Ohùn bàbá ti rọ̀. "Mo ní kó o dìde. O káre, ìkúnlẹ̀ yìí dáa, àmọ́ èmi nìkan ló rí i. Àpilẹ̀kọ yẹn ńkọ́? Ta ni kò tíì kà á? Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń pe ọmọ yẹn níbi tí wọ́n ti ń jẹun? Ọmọ Bàbá Ọ̀lẹ! Èmi tí mo fi ọdún mẹ́ta pa ilé ìwé tì, torí pé kò sẹ́ni tí yóò bá bàbá mi ro oko. Ó délé, ó ní, 'Bàbá, ṣé lóòótọ́ lẹ sọ ọ́?' Mo gbé ìwé fún un, mo ní kó lọ kà á. Ó kà á, ó kọ ohun tó rí níbẹ̀, lo bá fún un lódo."

Omi ti ń dà lójú olùkọ́ náà. "Màá dá máàkì rẹ̀ padà fún un, sà. Lónìí yìí."

"Ta ló ń sọ ti máàkì?" Bàbá fi ọ̀pá lu ilẹ̀. "Àbí o rò pé mo fẹ́ kó o máa yìn mí ni? Ìwé yẹn ní àléébù, àléébù ńlá! Ọmọkùnrin nìkan ni mo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò nínú rẹ̀. Mi ò bi ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń retí ẹni tó máa gbá mi mú lórí ẹ̀. Ìwọ tẹ́nu ẹ mú tó yẹn, o kọjá lára ẹ̀, o lọ ń bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ jà. Bá mi jà, ọmọ mi. Àmọ́ kó jẹ́ èmi gan-an lò ń bá jà."

Ó dìde, ó fi ìwé náà sílẹ̀. "Tó o bá kà á tán, fún ọmọ yẹn kó gbé e bọ̀ wálé."

Ọjọ́ méjì ni olùkọ́ náà fi kà á, láti èèpo dé èèpo. Ó ka ti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí wọ́n ní bàtà ẹyọ kan, tí ọ̀kan ń wọ̀ ọ́ lọ sílé ìwé lọ́jọ́ Ajé, tí èkejì ń wọ̀ ọ́ lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó rí àléébù tí bàbá sọ, ó tún rí òmíràn tí bàbá kò sọ. Lẹ́yìn náà ló mú àpilẹ̀kọ tirẹ̀, kò sì lè kọjá ojú ewé kejì. Àwọn ibi tó ti ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ ló wá ń gún un lójú. Kí ni mo rí rò, ló ń bi ara rẹ̀, tí mo fi ń fi ọmọlúàbí èèyàn ṣẹ̀sín báyìí?

Lọ́jọ́bọ̀, ó dúró níwájú àwọn ọlọ́dún kìíní, ó ka ojú ewé kẹtàdínlógójì sí wọn létí, ó ṣí i, ó ka kejìdínlógójì.

"Mi ò ka ìwé yìí kí n tó kọ ohun tí mo kọ," ló wí. "Mo purọ́ mọ́ ẹni tó ṣe é. Ẹnì kan ṣoṣo nínú yín ló kà á, mo sì fún un lódo."

"Háà! Ẹnu-Abẹ ti gé ara ẹ̀!" lẹ́nì kan kígbe láti ẹ̀yìn. Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Kò bínú sí wọn, kò ní kí wọ́n dákẹ́. Ó kàn dúró síbẹ̀ títí ẹ̀rín náà fi tán lẹ́nu wọn.

Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n túká, ó wá gba ìwé bàbá àgbà rẹ̀.

"Bàbá ní kí n bi yín, mà, bóyá ẹ rí àléébù náà."

"Mo rí méjì. Sọ fún wọn pé mò ń bọ̀ wá jà."

Ọmọ náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó pa á mọ́ra. "Ẹ ṣé, mà."

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá ẹ̀ka ti tẹ́ fọ́ọ̀mù rẹ̀ síwájú kó tó wọlé. "Mo gbọ́ ohun tó o ṣe ní kíláàsì lánàá," ló wí. "Ó dáa náà. Ṣé ó wá tán?"

"Ó ku èyí, sà. Ẹ bá mi yọ àpilẹ̀kọ yẹn kúrò níbẹ̀. Mo ti kọ̀wé sáwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde pé kí wọ́n fà á sẹ́yìn."

"Orí ẹ pé báyìí? Tá a bá yọ ọ́, iṣẹ́ ẹ ò pé iye tí wọ́n ń béèrè fún ìgbéga mọ́ nìyẹn. Ó di ọdún mẹ́ta mìíràn! Jẹ́ kó wà níbẹ̀, àkíyèsí kékeré la máa fi sísàlẹ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí i."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ yọ ọ́."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Ó fa igi lé àpilẹ̀kọ náà, ó wá dúró. "Wọ́n máa béèrè ìdí. Wò ó, àyè ẹ̀ nìyí. Kí ni kí n kọ? Kí n kọ ọ́ pé ò ń ṣàtúnṣe sí i?"

Àtúnṣe. Ọ̀rọ̀ náà tutù lára rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìgbéga kò ní bi í ní nǹkan kan, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á tiẹ̀ máa yìn ín. Ó wù ú, àfi bí ẹni pé kó ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Rárá, sà. Ẹ kọ ọ́ pé mi ò ka ìwé náà."

"Ṣé lójú ìgbìmọ̀? Èmi kọ́! Mi ò lè fọwọ́ mi kọ ìyẹn."

Ó fa fọ́ọ̀mù náà sọ́dọ̀, ó gba báírò lọ́wọ́ ọ̀gá. Ojú ń tì í bí ìgbà tó wà lórí ìkúnlẹ̀, àmọ́ ó kọ ọ́: "Mi ò ka ìwé tí mo bú." Ọ̀gá yíjú sí fèrèsé. Olùkọ́ náà kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, odindi, lẹ́tà gàdàgbà, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í kà.