Ọmọ Tó Gbálẹ̀ Ilé Bàbá Rẹ̀

Ẹ̀yìn ara rẹ̀ ni Florence kọ́kọ́ rí nínú fóònù. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, níwájú ojúbọ Ògún ilé bàbá rẹ̀ ní Orin-Èkìtì. Wọ́n tún wá fi irú orin tí wọ́n máa ń fi sínú fíìmù sí i, nígbà tí àjẹ́ bá fẹ́ pa ọmọ. Àkọlé pupa gàdàgbà wà lókè: ÀṢÍRÍ TÚ! ÌYÁ ÌJỌ LỌ́LA, ABỌ̀GÚN LÓNÌÍ. Tèmítáyọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló gbé e wá hàn án. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti wò ó.

Ta tiẹ̀ ni wọ́n bi léèrè? Gbogbo Orin ló mọ̀ pé bí ọdún Ògún bá ku ọ̀la, àwọn ọmọ obìnrin ilé tó ti lọ ilé ọkọ ni í wá gbálẹ̀ ojúde, tí wọ́n á sì se ẹ̀wà fún àlejò. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé ṣọ́ọ̀ṣì wo ni wọ́n ń lọ. Florence, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Áńgílíkà láti inú oyún, ni àgbà wọn, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ mú ìgbálẹ̀. Bó bá gbálẹ̀ tán, ilé rẹ̀ ló ń lọ. Kò bọ nǹkan kan rí.

Ẹni tó ya fídíò náà kò sì jí i yà. Kọ́lá ni orúkọ rẹ̀, oníròyìn orí íńtánẹ́ẹ̀tì láti Adó. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó ní òun fẹ́ ṣe ìròyìn nípa àṣà. Florence fúnra rẹ̀ ló bu ẹ̀wà fún un, ó jẹ ẹ́, ó tún gba òmíràn. Wọ́n ní ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Kí ni ká wá pe ẹni tó jẹ ẹ̀wà ẹni tán, tó tún ta orúkọ ẹni?

Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi Florence jẹ Ìyá Ìjọ. Fíkà wọn, Ẹni-Ọ̀wọ̀ Fọláhàn, ránṣẹ́ pè é. Kò lè wo ojú rẹ̀.

"Mọ́mì, èmi mọ̀ yín. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ìjọ lókè ti rí i. Wọ́n ní kí ẹ ṣe fídíò kékeré kan, kí ẹ sọ pé ẹ kò mọ arákùnrin yín àti ilé yẹn mọ́. Kọ́lá ti gbà láti wá yà á."

"Kọ́lá kan náà?"

"Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn èèyàn ti rí ti àkọ́kọ́, Mọ́mì."

"Bí n kò bá ṣe é ńkọ́?"

"A ó sún oyè náà síwájú."

Ògúnbọ̀dé, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń bọ Ògún ilé náà, ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ kó tó délé.

"Mọ ti gbọ́," ló wí. "Lọ sọ ọ́ fún ọn. Sọ pé ìwọ è mọ̀ mí. Mi è ní bínú."

"Èmi a bínú! Ulé ibi ọn bí mi sí ni ọn ní kí n sọ pé mi è mọ̀?"

Lọ́jọ́ Ẹtì, Kọ́lá gbé iná tó fi ń ya fídíò dé ilé Florence, bí ẹni pé ó ti gbà. Ojú kò tiẹ̀ tì í.

"Ẹ ṣáà sọ pé ẹ ti ronú pìwà dà, màámi. Bí ẹ bá lè sunkún díẹ̀, á dára. Ẹkún ló máa ń jẹ́ kí wọ́n wò ó dópin."

"Ẹ̀wà tí o jẹ ńkọ́? Kí ló dé tí kò sí nínú fídíò?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló fẹ́ wo ẹ̀wà?"

Florence dìde, ó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀. Ẹ̀sìn kò wúlò fún irú àwọn wọ̀nyí àfi bó bá di ìjà! Bí kò bá sí ìjà, wọ́n á dá a sílẹ̀. Ó ní kí Kọ́lá kó iná rẹ̀ jáde kí òun tó da omi sí i. Ó kó o.

Lọ́jọ́ Ìkórè, wọn kò pe orúkọ Florence. Ó jókòó sáàárín èrò pẹ̀lú aṣọ funfun tó rán nítorí oyè náà. Lẹ́yìn ìwàásù, Bàbá Ìjọ dìde láti lu ohun ìkórè ní gbàǹjo. Ó gbé iṣu gàgàrà kan sókè.

"Iṣu Ògúnbọ̀dé rèé, tó máa ń fi ránṣẹ́ sí wa lọ́dọọdún! Ẹ ò lè rí irú rẹ̀ títí dé Ìdó! Ta ló máa kọ́kọ́ dá owó lé e?"

Ìjọ pàtẹ́wọ́. Fíkà náà pàtẹ́wọ́.

Florence dìde. Ó rìn dé iwájú, ó gba iṣu náà lọ́wọ́ Bàbá Ìjọ, ó sì kọjú sí Fíkà.

"Ẹni tí ẹ ní kí n sọ pé n kò mọ̀ ló ni iṣu yìí. Bí ẹ̀yin bá mọ̀ ọ́n, ẹ sọ ọ́ síta níbí, lójú gbogbo èèyàn. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n gbé e padà fún un."

Gbogbo ojú yí sí Fíkà. Òun sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣí ìwé orin rẹ̀ kiri. Florence dúró dè é títí. Nígbà tó yá, ó gbé iṣu náà lé èjìká, erùpẹ̀ rẹ̀ ń dà sára aṣọ funfun, ó sì gba àárín ìjọ jáde.