Ojú Tí Alàgbà Yíwọlá Kò Júwe

"Kamilah, ọmọ mi, èmi ni o, Màmá Láyọ̀. Mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ kí ẹ tó kó ìwé yẹn lọ sílé ìtẹ̀wé. Ya ọkọ̀, ya ọjà, ya gbogbo ohun tó bá wù ọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó inú ìtàn yẹn, má ya ojú rẹ̀. Má jẹ̀ẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí ojú rẹ̀. Jọ̀ọ́."

Kamilah dúró lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì wọn ní Marshalltown, ó tún ohùn náà gbọ́. Àná ni Màmá ti sọ ọ̀rọ̀ yìí sínú fóònù, ṣùgbọ́n àná náà ni iná lọ ní Kensington, níbi tí Màmá ń gbé, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì bá a lọ. Àárọ̀ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ìwé ti lọ sílé ìtẹ̀wé ní Soweto láti àná.

Ojú ìyàwó yẹn ló kún inú ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Iṣẹ́ ilé iṣẹ́ wọn ni láti máa sọ ìwé ìtàn àtijọ́ di ìwé aláwòrán fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ọjọ́ pẹ́ tí Kamilah ti ń kun àwọ̀ sí àwòrán ẹlòmíì níbẹ̀. *Ọkọ̀ Ìdájí* ni ìwé àkọ́kọ́ tí yóò yà fúnra rẹ̀. Alàgbà Yíwọlá, ọkọ Màmá tó ti dolóògbé, ló kọ ọ́: ìtàn obìnrin kan tó gbé ọmọ ọwọ́ rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ìyá ọkọ rẹ̀, tó wọ ọkọ̀ ìdájí lọ, tí kò sì padà títí ọdún méje fi kọjá. Nínú gbogbo ìwé náà, òǹkọ̀wé kò júwe ojú obìnrin yẹn. Ó kàn ní ẹni tó bá rí i kì í gbàgbé ni.

Kamilah wá ojú náà títí. Ó yà á, ó pa á rẹ́, ó tún un yà. Ọjọ́ tó lọ kí Màmá nílé ló rí i: fọ́tò Màmá nígbà tó wà ní ìyàwó, lára ògiri pálọ̀. Pélé wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, àmọ́ ọ̀kan nínú ti apá òsì dúró lágbedeméjì, bí ẹni pé ọmọ náà ta kúrò lábẹ́ abẹ olóòlà. Kamilah kò bèèrè. Ó gbé ojú náà sọ́kàn relé, ó sì yà á, pẹ̀lú pélé tí kò parí yẹn.

Kingsley, ọ̀gá rẹ̀, ń mu kọfí nígbà tó wọlé. Ọmọ Ẹdó ni, àmọ́ Mushin ló dàgbà sí.

"Kamilah, kí ló dé? O dà bí ẹni tí taksi já sílẹ̀ níbi tí kò mọ̀."

Ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó jẹ́ kó gbọ́ ohùn náà. Kingsley rẹ́rìn-ín.

"Èyí náà ni? Àgbàlagbà ni. Ṣebí wọ́n ti fọwọ́ sí i pé ká yà á."

"Wọn ò mọ̀ pé màá ya ojú, ẹ̀gbọ́n."

"Ìwé aláwòrán wo ni kò lójú nínú?" Ó nawọ́ sí ògiri, níbi tó to àwọn ìwé aláwòrán tó ti gbó sí, ti ilẹ̀ òyìnbó àti ti ilé. "Wò ó, ọjọ́ pẹ́ táwọn èèyàn ti ń sọ ìwé ńlá di àwòrán. Nígbà kan, tí tíṣà bá ká a mọ́ ọ lọ́wọ́, á fà á ya. Wọ́n ní ìwé ọ̀lẹ ni. Lónìí àwọn tíṣà ló ń sáré wá wa kiri. Ẹbí òǹkọ̀wé sì máa ń ráhùn. Òǹkọ̀wé á ní obìnrin náà rẹwà, á gba ibẹ̀ kọjá. Ayàwòrán ò lè gba ibẹ̀ kọjá. Iṣẹ́ wa nìyẹn."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ojú Màmá gan-an ni mo yà."

Kingsley gbé ife sílẹ̀. "Ojú ta ni?"

"Fọ́tò ara ògiri wọn. Mo rò pé inú wọn á dùn."

"Eish." Ó fọwọ́ nu ojú. "Fetí sílẹ̀. Wọ́n ti tẹ èèpo ìwé tán, ọkọ̀ nìkan ló sì wà lára ìyẹn. Ojú ewé inú ló kù, wọn ò sì ní tẹ̀ ẹ́ àfi tí ìwọ ayàwòrán bá fọwọ́ sí àwòṣe, ẹ̀dà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ fún yíyẹ̀wò. Ọ̀sán yìí ni wọ́n ń retí ẹ. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ yẹn fẹ́ gba ìwé lọ́jọ́ Jímọ̀, tí wọn ò bá sì rí tiwa, ti ẹlòmíì ni wọ́n máa gbà. Lọ bá Màmá. Bẹ̀ wọ́n. Tó o bá fọwọ́ sí i, ó dáa. Tó ò bá fọwọ́ sí i, Abíọ́nà ló máa ya ìwé tó kàn, ìwọ á padà sídìí àwọ̀ kíkùn. I no dey quarrel o. Mò ń sọ ọ́ kó má baà yà ẹ́ lẹ́nu ni."

Nínú taksi, Kamilah ṣí tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ní gbogbo robot, iná ojú títì, tí wọ́n bá ti dúró, ó ń wo ojú ewé kan náà: obìnrin náà ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀, ó bojú wẹ̀yìn wo apẹ̀rẹ̀. Kò yàwòrán tó dáa tó èyí rí. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sì ti fi fọ́tò èèpo ìwé náà, tòun ti orúkọ rẹ̀ lábẹ́ ti Alàgbà Yíwọlá, ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ ti fi han gbogbo ẹgbẹ́ àsàlátù.

Láyọ̀, ọmọ Màmá, ló ṣílẹ̀kùn. Yunifásítì ló ti ń kọ́ni, kò sì yẹ kó wà nílé lásìkò yìí.

"Kamilah! Wọlé. Màmá ti ń bèèrè ẹ látàárọ̀. Ṣé àwọn àwòrán náà nìyẹn? Let me see, jàre."

"Ẹ kú ilé, ẹ̀gbọ́n." Kamilah kúnlẹ̀ kí i, ó gbá tábúlẹ́ẹ̀tì mọ́ àyà.

Màmá jókòó sórí àga, ó ń lọ́ etí ìró rẹ̀ mọ́ ìka. Lókè orí rẹ̀, fọ́tò náà kò sí mọ́. Àmì rẹ̀ ló kù lára ọ̀dà.

Láyọ̀ rí i pé ó ń wo ibẹ̀. "Màmá ló yọ ọ́ o. Wọ́n ní férémù rẹ̀ ti bàjẹ́. Fọ́tò tí mo fẹ́ràn jù!" Ó jókòó sápá àga ìyá rẹ̀. "Kí n sọ òótọ́ fún ẹ, mi ò ka ìwé dáàdì yẹn rí. Jọ́ọ̀sì, nílé lọ́hùn-ún, ni mo dàgbà sí, lọ́dọ̀ ìyá àgbà, nígbà tí Màmá wà ní ọsibítù. Ọdún méje gbáko! Yorùbá dáàdì le ju tèmi lọ, ojú ewé kẹta ni mo ti sá. But pictures? Ẹni tí ò mọ̀wé pàápàá á ka àwòrán."

Ọdún méje. Kamilah wo Màmá. Màmá ń wo ilẹ̀.

"Gbé e wá," ni Láyọ̀ wí, ó na ọwọ́.

Kamilah sún sẹ́yìn. "Kò tíì parí, ẹ̀gbọ́n."

"Kò tíì parí bí? Kingsley ní wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́."

"Láyọ̀," ni Màmá wí, "ṣé bí wọ́n ṣe ń gba àlejò nìyẹn? Lọ gbé omi tíì kaná."

Láyọ̀ kọjú sí Kamilah. "O rí i? Nínú ilé mi ni wọ́n ti ń lé mi." Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ sí kíṣìnì. Kò ti ilẹ̀kùn.

Màmá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé ohùn mi dé?"

"Àárọ̀ yìí ló dé, Màmá. Ìwé ti lọ láti àná."

"Ṣé o ya ojú rẹ̀?"

Kamilah gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lé e lọ́wọ́. Màmá gbé e jìnnà sójú, ó tún gbé e sún mọ́ ọn. Ó fi ìka kan pélé apá òsì lára gíláàsì, lẹ́yìn náà ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀.

"Háà. O mà mọ̀ ọ́n yà o." "Nígbà tí bàbá Láyọ̀ gbà mí padà sílé, ó ní òun máa kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, tóun ò bá kọ ọ́, kò ní kúrò lọ́kàn òun. Mo ní kó kọ ọ́, ṣùgbọ́n kó má fún un lójú. Ó mú ìlérí yẹn ṣẹ títí ó fi kú. Bí Láyọ̀ bá rí èyí, kò ní ka ọ̀rọ̀ kan kó tó mọ̀ pé inú apẹ̀rẹ̀ lòun wà."

"Màmá, ṣé ẹ ò lè sọ fún wọn fúnra yín?"

"Mo ti ń wá ẹnu tí màá fi sọ ọ́ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé. Mo ṣì ń wá a. Ṣùgbọ́n tó bá máa gbọ́ ọ, kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Kó má jẹ́ inú ìwé ọmọléèwé ló ti máa rí i."

Ó di apá àga mú, ó rọra ń sọ̀kalẹ̀. Kó tó yé Kamilah, orókún Màmá kan ti kanlẹ̀.

"Màmá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi!" Òun náà ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó di ìgbọ̀nwọ́ Màmá mú. "Ẹ fẹ́ kó èpè bá mi ni?"

"Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn?" ni Láyọ̀ ké láti kíṣìnì.

"Kò sí nǹkan!" ni Màmá dáhùn. "Tẹ̀sùbáà mi ló bọ́ sílẹ̀."

Kamilah gbé e jókòó padà. Fóònù dún. Kingsley ni.

"Kamilah, àwọn èèyàn yìí ti gbé bébà sórí ẹ̀rọ, ìwọ nìkan ni wọ́n ń dúró dè. Kí ni Màmá wí? Wọ́n gbà, àbí?"

Ife àti ṣíbí ń dún ní kíṣìnì. Láyọ̀ ń kọ orin wẹ́wẹ́. Kamilah tún wo ojú ẹlẹ́wà tó wà lára gíláàsì náà, pélé tí kò parí, ẹsẹ̀ kan nínú ọkọ̀. Ó pa iná tábúlẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ Màmá kọ́. Èmi ni mi ò ní fọwọ́ sí i. Ẹ ní kí wọ́n gbé bébà wọn sọ̀kalẹ̀. Màá tún gbogbo ibi tí ìyàwó yẹn wà yà, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa kọ sí wa, kò sẹ́ni tó máa rí ojú rẹ̀. Tí kò bá sì bá ọjọ́ Jímọ̀, ẹ gbé ìwé tó kàn fún Abíọ́nà."