Igi Àlàáfíà Lórí Ilẹ̀ Agbede

Ọlọ́run dá ilẹ̀ tó pọ̀ láti Èrúwà dé Igangan. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ọkọ́ lọ́wọ́ á rí ibi tó máa ro. Ṣùgbọ́n àwọn ará Abà Àkànó àti àwọn ará Ìdí-Àràbà, abúlé méjì lẹ́yìn Lanlate, kò rí ibòmíì tó wù wọ́n àfi ilẹ̀ kan tó wà láàárín wọn, tí wọ́n ń pè ní Agbede. Àwọn bàbá wọn jà lé e, àwọn náà sì jogún ìjà náà. Wọ́n tọ́jú ìjà yìí ju ilẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ, torí ìjà ń gbóná lójoojúmọ́, koríko sì ti bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀.

Rebecca, opó tó ń darí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì Abà Àkànó, kò bá wọn dá sí i títí di ọdún 1994. Ọdún náà ni Kíkẹ́lọmọ, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, bímọ sílé Gàníyù, ọkọ rẹ̀, ní Ìdí-Àràbà. Ta ni ìbá wẹ ọmọ náà bí kò ṣe ìyá ìyá rẹ̀? Ṣùgbọ́n inú Agbede ni gbogbo ọ̀nà Ìdí-Àràbà gbà, àwọn àgbà Ìdí-Àràbà sì ti búra pé ẹsẹ̀ ará Abà Àkànó kankan kò ní kọjá níbẹ̀.

Ọjà Lanlate ni ó ti gbọ́ orúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀, lẹ́nu Mùnírátù, ará Ìdí-Àràbà tó ń ta ata.

"Àkíbù ni wọ́n sọ ọ́, Màmá Kíkẹ́. Ó sanra! Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ rí ṣọnṣọ díẹ̀ o. Ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ ò mọ̀ ọ́n wẹ̀."

"Ta ló ń wẹ̀ ẹ́?"

"Gàníyù ni."

Rebecca jókòó sórí àpò gààrí onígààrí láìtọrọ ààyè.

Ó gbàdúrà kíkankíkan, ìdáhùn sì dé nínú ọkọ̀ funfun kan láti Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ Afárá Ìrẹ́pọ̀ ló ni ọkọ̀ náà, Ọ̀gbẹ́ni Adéníran sì ni olórí wọn. Ọmọlúàbí ni. Ó ti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ àlàáfíà lókè òkun, ní ìlú kan tí ẹnikẹ́ni kò ti jà, níbi tí èèyàn ti lè fara balẹ̀ kọ́ ọ.

Ó kó àwọn aṣojú abúlé méjèèjì lọ sí gbọ̀ngàn kan ní Èrúwà. Rebecca lọ fún àwọn obìnrin. Wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n mu mínírà, wọ́n ya àwòrán ohun tó ń dùn wọ́n sórí bébà. Lẹ́yìn náà Adéníran ní kí Dàda, baálẹ̀ Abà Àkànó, ṣe bí ẹni pé ará Ìdí-Àràbà ni òun, kó lè mọ bó ṣe ń rí lára ẹnìkejì. Dàda dìde. Ó ro ẹjọ́ Ìdí-Àràbà dùn débi pé àwọn ará Ìdí-Àràbà pàtẹ́wọ́, wọ́n sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé baálẹ̀ ti jẹ́wọ́. Àwọn ará ilé rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi padà délé.

"Ìtẹ̀síwájú ńlá nìyí," ni Adéníran wí.

Rebecca na ọwọ́ sókè. "Ọ̀gá, nígbà wo ni mo lè lọ wẹ ọmọ?"

"Màmá, ìyẹn wà ní ìpele kẹta."

"Ẹ yára o. Ọmọ náà á ti máa rìn kẹ́ ẹ tó débẹ̀."

Ìpele kẹta dé, lórí Agbede gan-an, lábẹ́ tapólì aláwọ̀ búlúù. Bàbá Wàhábì, àgbà Ìdí-Àràbà, fọwọ́ sí i pé kí ọ̀nà ṣí lọ́jọ́ náà gan-an, bí wọ́n bá ti ṣàdúrà ìparí. Rebecca ti ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga nígbà tí Adéníran gbé igi máńgòrò kékeré kan jáde.

"Igi Àlàáfíà! Baálẹ̀, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù. Ẹ bá wa gbìn ín."

Ní gbogbo Ìbàràpá, àlejò lè gbin àgbàdo, ó lè gbin ẹ̀gẹ́, torí ohun tó máa kúrò nílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n igi eléso, onílẹ̀ ló ń gbìn ín. Bàbá bàbá Adéníran ìbá ti sọ èyí fún un, àmọ́ bàbá náà kò lọ sókè òkun.

Dàda, tí ìrora ìbàdí kì í jẹ́ kó kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ọ̀dọ́mọkùnrin. Ó gbẹ́ ihò, ó gbin igi, ó sì gbójú sókè.

"Olúwa, jẹ́ kí àtọmọdọ́mọ mi jẹ nínú èso rẹ̀!"

Abà Àkànó ṣe àmín. Adéníran náà ṣe àmín, tirẹ̀ ló ròkè jù.

"Dàda, hú u!" Bàbá Wàhábì ti dìde.

"Kí n hú ẹ̀bùn àlejò? Ṣé èmi ni aláìmoore?"

"Ẹ̀yin bàbá," ni Adéníran ń bẹ̀bẹ̀, "ẹ sọ bó ṣe ń rí lára yín!"

"Ó ń ṣe mí bíi kí n gbá ọ létí!" ni Bàbá Wàhábì dá a lóhùn. "Ọ̀nà ti dí! Ẹsẹ̀ Abà Àkànó kankan kò ní kọjá mọ́!"

Rebecca rántí orí Àkíbù. Ó dìde, ó so ìró rẹ̀ le, ó hú máńgòrò náà tigbòǹgbò tigbòǹgbò, ó sì gbé e ka iwájú Adéníran.

"Olúwa á dárí jì mí. Ó tán. Ẹ jẹ́ kí n kọjá."



"Obìnrin yìí, igi mi lo hú!" ni Dàda ké.

"Ta ló ní kó fọwọ́ kan nǹkan lórí ilẹ̀ wa?" ni Bàbá Wàhábì náà ké. "Kúrò níbí!"

"Kúrò níbí kíá!" ni Dàda gbè é.

"Kúrò!" ni abúlé méjèèjì pariwo pọ̀, bí ẹgbẹ́ akọrin tó ti ṣe ìgbáradì dáadáa. Omi bọ́ lójú Adéníran.

"Wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan! Ẹ dúró, kí n ya fọ́tò!"

Rebecca kúnlẹ̀ fún gbogbo wọn. "Mo ti gbọ́, ẹ̀yin bàbá mi." Ó gbé àpò tí ọṣẹ, kànìnkànìn àti àdín wà nínú rẹ̀, ó sì kọjú sí Ìdí-Àràbà.

"Níbo lò ń lọ?" ni Dàda bi í.

"Mò ń kúrò ni, Baálẹ̀. Ẹ ò sọ apá ibi tí mo máa gbà."

Bàbá Wàhábì lanu láti pè é padà. Ṣùgbọ́n bó bá pè é padà, orí ilẹ̀ tó ní kó kúrò náà ló tún ń pè é sí. Ó panu dé.

Kíkẹ́lọmọ rí i láti ẹnu ọ̀nà, ó bú sẹ́kún. Gàníyù sáré lọ gbé omi kaná, ara tù ú. Kò pẹ́ tí Rebecca fi na ẹsẹ̀ lórí àpótí, tí ó tẹ́ Àkíbù sí i, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi omi gbígbóná tẹ orí rẹ̀. Ọmọ náà figbe ta. Láti Agbede, ariwo àwọn àgbà tún ń ròkè: wọ́n ń jà lórí ẹni tí yóò tún igi gbìn.

"Sunkún dáadáa, ọkọ mi," ni ìyá àgbà wí, ó tún bu omi. "Ẹkún tìẹ nìkan ló nídìí ní gbogbo agbègbè yìí."