Géètì Mi àti Katakata Ẹlẹ́sẹ̀ Híhá

Mo lá àlá kan lọ́sàn-án àná, lẹ́yìn iyán, lórí bẹ́ńṣì tó wà lábẹ́ igi káṣú mi. Láti àárọ̀ lẹ ti ń bi mí pé ta ló fọ́ géètì ọgbà mi. Ẹ fara balẹ̀. Inú àlá yẹn ni ìdáhùn wà, bí n ò bá sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó ní orí mi ti dàrú.

Gbogbo yín lẹ mọ géètì náà. Pákó àpá ni, ọwọ́ ara mi ni mo fi kàn án, ọdún kejìlá rèé, ikán ò tí ì fẹnu kàn án. Ẹ sì mọ Dúrójayé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń bá mi wa katakata kékeré tí mo rà. Ọmọ mẹ́ta tí kò dúró ni ẹ̀gbọ́n mi bí kó tó bí i. Òun nìkan ló kù fún un.

Láàárọ̀ àná, Dúrójayé wá bá mi. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹsẹ̀ katakata yìí há jù. Ilẹ̀ ẹ̀bá àpáta tí ẹ ní kí n lọ ro yẹn dà gẹ̀rẹ́, ó tún rí gbágungbàgun. Bí táyà òkè bá gun òkúta, tí ti ìsàlẹ̀ bọ́ sí kòtò, ó máa dojú dé mọ́ mi lórí."

Mo ní, "Kí wá ni ṣíṣe?"

Ó ní, "Ká tú táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Ti ọ̀tún á bọ́ sósì, ti òsì á bọ́ sọ́tùn-ún, kí ikùn rímù, irin àárín táyà, lè kọjú síta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á yà, á sì dúró dáadáa. Iṣẹ́ wákàtí méjì ni."

Mo ro ọ̀rọ̀ náà wò. Tí ẹsẹ̀ katakata bá yà, kò ní gba géètì mi jáde mọ́. Wọn á ní ká yọ òpó, wọn á ní ká gé pákó. Inú bí mi. Mo ní òjò ti fẹ́ dé, kó wà á bẹ́ẹ̀, ṣebí bẹ́ẹ̀ la ṣe rà á. Ó ní ó dáa, tí oòrùn bá ti rọ̀, òun á lọ. Mo jẹ iyán mi, mo sùn.

Bí mo ṣe sùn ni katakata wọlé wá kí mi. Ó ń fi ẹsẹ̀ kéékèèké rìn bí ìyàwó tuntun, torí ó ró ìró léèsì ìyàwó mi mọ́ táyà ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì, ó fún un pinpin. Ó ní, "Ẹ káàsán, Bàbá." Pé katakata ń kí èèyàn, ìyẹn ò jọ mí lójú, ó kúkú ní ẹ̀kọ́ ilé. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìró tí ìyàwó mi kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn ló kó epo ẹ́ńjìnnì sí.

Mo ní, "Háà! Ta ló fún ọ ní ìró yìí?"

Ó ní, "Wọ́n ní kí n pa ẹsẹ̀ pọ̀ ni, Bàbá. Wọ́n ń pè wá ní ọ́fíìsì."

Mo gbé e kọ́ èjìká, a lọ. Kò wúwo ju ìdì igi ìdáná lọ. Ọ́fíìsì náà ń léfòó lójú òfuurufú lókè àpáta, okùn ewúrẹ́ ni wọ́n fi so ó mọ́ ọ̀pẹ kan kó má baà lọ. Nígbà tí a wọlé, a bá àwọn akọ̀wé tí wọ́n tò sáàárín yàrá, gbogbo wọn pa ẹsẹ̀ pọ̀ pẹ́kípẹ́kí. Ọ̀gá wọn jókòó sídìí tábìlì. Mo wò ó, mo tún un wò. Géètì mi ni! Géètì tí mo fọwọ́ ara mi kàn! Ó so táì pupa, àgádágodo mi ló sì fi ṣe aago ọwọ́. Mo la ẹnu sílẹ̀, mi ò lè pa á dé. Ọdún méjìlá tí mo ti ń fi epo pa á lára, kò sọ fún mi rí pé òun ríṣẹ́ ìjọba.

Géètì wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Òfin ibí ò le. Ohunkóhun tí kò bá gba àárín mi kọjá, kì í ṣe ti ilé yìí. Pa ẹsẹ̀ pọ̀!"

Kíá ni mo pa ẹsẹ̀ pọ̀. Bí ìyá mi ṣe máa ń jágbe mọ́ mi gan-an nìyẹn tí àlejò bá wà nílé.

Bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ kan fẹ́, ọ́fíìsì fì sápá kan. Àwọn akọ̀wé tó pa ẹsẹ̀ pọ̀ ò lè dúró. Wọ́n ń yọ̀ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gba ojú fèrèsé bọ́ síta, wọ́n sì ń di ewúrẹ́ kí wọ́n tó délẹ̀. Ẹni tó bá ti di ewúrẹ́, á ya ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á dúró gbọn-in lórí àpáta, á máa jẹ fáìlì. Èyí tó gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi nígbà tí a wọlé gbójú sókè láti ìsàlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé," ó sì gbé fọ́ọ̀mù mi mì. Ìyẹn dùn mí gan-an, torí mo ti fọwọ́ sí i.

Géètì ní, "Ta ló kàn?"

Katakata dáhùn láti èjìká mi, ó ní, "Awakọ̀ mi ni."

Dúrójayé wọlé tòun ti aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Géètì ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yà jù. Ó na sípánà sí mi. "Ìwọ lo mọ iṣẹ́ ọwọ́. Dè é."

Ẹ̀yin ará mi, mo gba sípánà náà. Èmi fúnra mi ni mo de ẹsẹ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pọ̀ lọ́rùn ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀tì mẹ́fà ni, mo sì fún wọn le dáadáa. Mo tilẹ̀ sún sẹ́yìn wo iṣẹ́ náà, ó wù mí. Dúrójayé ń wò mí, kò bá mi jà. Ó ṣáà ní, "Bọ̀dá mi, mo ti sọ fún yín pé ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ilẹ̀ ọ́fíìsì di ẹ̀bá àpáta, Dúrójayé sì bẹ̀rẹ̀ sí yí lọ sísàlẹ̀, gbì, gbì, gbì. Mo fẹ́ sáré lé e, àmọ́ ẹsẹ̀ tèmi náà ò yà mọ́. Mo ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Àwọn ewúrẹ́ ń wò wá, wọ́n ń jẹ fáìlì wọn lọ.

Nísàlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ń tẹ́ ẹní. Ó ti tẹ́ kéékèèké mẹ́ta, ọmọ wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń sùn lórí wọn. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ló ń tẹ́ lọ́wọ́. Ìyẹn gùn, ẹní àgbàlagbà ni. Kò sunkún, ó ń fọwọ́ tún etí ẹní náà ṣe ni.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta lẹ ń tẹ́ ìyẹn fún?"

Ó gbójú sókè. Ó ní, "Ògúntúyì, ìwọ ni kó o sọ fún mi. Ìwọ lo ni géètì."

Mo kígbe, mo sì jí.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo bá lójú ayé. Bẹ́ńṣì yẹn kò fẹ̀ ju pákó kan lọ, ẹ ti jókòó lórí ẹ̀ rí. Nígbà tí mo dùbúlẹ̀, mo na ẹsẹ̀ mi méjèèjì pọ̀ lórí rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gbẹ̀kọ́. Nígbà tí mo jí, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi wà nílẹ̀ lápá ọ̀tún, tòsì wà nílẹ̀ lápá òsì, wọ́n tẹ erùpẹ̀ mọ́lẹ̀ gbọn-in. Mo ń sùn lọ́wọ́, ara mi ti ya ẹsẹ̀ kí n má baà ṣubú. Kò béèrè lọ́wọ́ mi bóyá yóò gba géètì kọjá.

Mo ṣì ń wo ẹsẹ̀ mi tìyanutìyanu nígbà tí mo gbọ́ ohùn katakata. Dúrójayé ti ṣíná sí i, ó ti kọ orí rẹ̀ sí géètì. Mo sáré láìwọ bàtà, mo dúró níwájú rẹ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì.

"Pa á! Sọ̀ kalẹ̀!"

"Kí ló dé, Bọ̀dá mi?"

"Lọ gbé jáàkì wá. Mú sípánà pẹ̀lú. Ká yí táyà yẹn padà bó o ṣe wí."

Ó wò mí, ó wo géètì. "Ibo la máa wá gbà jáde?"

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Mo wọlé lọ mú àáké.