Fáàfù Tó Ṣì Ń Gbóná

Ọládòkun ò sí níbí, àbí? Ó dáa. Ẹ sún mọ́ mi. Lóru àná tí mo sùn, mo lá àlá kan. Ẹ má sọ pé ibà ló ń ṣe mí, mi ò sì jẹun jù.

Ẹ ṣáà mọ ámúpù gìtá wa, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde, èyí tí èmi àti Ọládòkun ti ń lò láti ìgbà tí irun wa ṣì dúdú. Gílóòbù ńlá méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀, fáàfù là ń pè wọ́n. Bí wọn ò bá gbóná, ámúpù ò ní fọhùn. Ọ̀kan ti kú. Máníjà hòtẹ́ẹ̀lì tí à ń ṣeré fún sì ti búra pé bí ámúpù ò bá fọhùn ní Sátidé, kí àwa méjèèjì lọ jókòó sílé, òun á máa fi kọ̀ǹpútà kọrin. Ìyẹn kì í ṣe àlá o. Òótọ́ ni.

Nínú àlá náà, mo kó fáàfù méjèèjì sínú fìlà, mo ń lọ ra tuntun. Èyí tó kú dákẹ́. Èyí tó yè ló ń rojọ́.

"Bàbá, ibo lẹ̀ ń gbé mi lọ? Èmi ò kú o. Ẹ fọwọ́ kàn mí, mo ṣì ń gbóná."

"Mo mọ̀," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n atúnrédíòṣe tó yẹ ámúpù wò sọ pé méjì-méjì ni wọ́n ń tà yín. Bí ọ̀kan bá kú, ẹ jọ ń lọ ni."

"Ṣé èmi ni mo pa á ni?"

Mo fọwọ́ bo fìlà, mo ń bá tèmi lọ.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ta fáàfù wà lófuurufú, lókè igi máńgòrò kan. Okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ géètì kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Gáàdì fa okùn, ọ́fíìsì sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, mo wọlé. Ọ̀gá méjì ló jókòó sórí àga kan ṣoṣo. Ọ̀kan ń họra. Èkejì dorí kodò, eṣinṣin ń rìn nímú rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọ̀gá kejì ńkọ́?"

"Ó ṣì ń gbóná bọ̀. Ní sùúrù fún un."

"Ṣé ó ti pẹ́ tó ti ń gbóná bọ̀?"

"Láti ayé ìjọba tó kọjá."

Mo ní kò burú, mo jókòó. Nígbà tó yá ni òórùn bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Bàbá yìí ti kú."

Ọ̀gá fà mí létí. "Ẹnu ẹ ló máa pa ọ́! Méjì-méjì ni wọ́n gbà wá síṣẹ́. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ọ̀kan kú, àwa méjèèjì ni wọ́n máa yọ. Ta ló wá máa bójú tó aráàlú?"

"Ta ló ń bójú tó wọn báyìí, sà?"

Inú bí i. Ìwo hù lórí rẹ̀, ó di òbúkọ, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Gáàdì bẹ́ sórí igi máńgòrò. Kójú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀. Òbúkọ na ọrùn sínú fìlà mi, ó gbé fáàfù tó yè mì káló. Ikùn rẹ̀ tàn yòò. Ó ní "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!" Ẹ̀yin ará, ohùn náà dùn!

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ohùn rọ́ wọlé, wọ́n gbé etí lé òbúkọ níkùn.

"Háà! Ohùn àtijọ́ rèé! Òbúkọ ìsinsìnyí ò lè dún báyìí láé."

Ọ̀kan tiẹ̀ ní òun ń gbọ́ Rọ́ṣíà, níbi tí wọ́n ti ṣe fáàfù náà, nínú rẹ̀. Ilé ayé! Èmi náà mi orí bí ẹni tó gbọ́ ọ.

Mo ki wáyà gìtá bọ òbúkọ létí. Bí mo ṣe bojú wẹ̀yìn, Ọládòkun ti dúró tì mí, ó gbé gìtá tirẹ̀ kọ́rùn. Ìka rẹ̀ méjì tí kì í tẹ̀ mọ́ ṣì nà gan-an bí wọ́n ṣe rí lójú ayé. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń yẹ fáàfù wò wọlé. Bírò ló fi ń kan fáàfù láti gbọ́ bóyá ó dára, ṣùgbọ́n orí èèyàn ló ń kàn lọ́jọ́ náà, ojú máníjà hòtẹ́ẹ̀lì wa ló sì ní. Ó kàn mí lórí, mo dún gbań. Ó kan Ọládòkun, kò dún.

"Èyí ti lọ," ló wí. "Ẹ yọ àwọn méjèèjì."

Mo figbe ta. "Ẹ dúró o! Èmi ò kú! Ẹ fọwọ́ kàn mí, mo ṣì ń gbóná!"

Ojú tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́, torí Ọládòkun ń gbọ́. Ó kàn ń wo ìka rẹ̀. Wọ́n di èjìká mi mú, wọ́n ń mì mí sọ́tùn-ún sósì kí n lè tú bíi fáàfù, ni mo bá jí.

Ìyá Mofẹ́, ìyàwó mi, ló ń mì mí. "Ẹ dìde, Bàbá Mofẹ́. Àlejò yín ti dé tipẹ́."

Mo jáde sí pálọ̀. Ọládòkun ni. Ó ki ìka rẹ̀ méjèèjì bọ inú abọ́ omi gbígbóná tí Ìyá Mofẹ́ gbé fún un, gìtá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìka ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ó ṣì ń gbóná bọ̀," ló wí. "Ní sùúrù fún un."

Mo fa àga, mo jókòó tì í.