Empaako Olùkọ́ Tuntun

Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbi tí ọgbà tíì ti bẹ̀rẹ̀, bí a bá ń jáde kúrò ní ìlú Fort Portal. Èmi Kabasinguzi ni wọ́n máa ń fa àwọn olùkọ́ tuntun lé lọ́wọ́. Fún odindi ọdún kan, màá jókòó sẹ́yìn kíláàsì wọn, màá sì sọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn ń tiro. Ọlọ́run ò dójú tì mí rí lórí iṣẹ́ náà, àfi lọ́dún tí Akurut dé.

Ọmọ ẹ̀yà Teso ni, láti Soroti lọ́hùn-ún, kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, adúmáadán, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, ọmọ tí yóò bu yẹ̀pẹ̀ sọ́wọ́ tí yóò sì sọ ohun tó máa hù níbẹ̀ fún ọ. Ẹ̀kọ́ ilẹ̀ ló ń kọ́ wọn, ó sì mọ̀ ọ́n dénú. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méje gbáko ló fi dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọgbọ̀n, ẹnikẹ́ni ò la ẹnu.

"Màmá, ṣé wọ́n di ẹnu wọn ni?" ló bi mí. "Mo bi wọ́n ní ìbéèrè, bàtà mi ni wọ́n ń wò."

"Bàtà rẹ dára, lóòótọ́."

"Màmá! Ọ̀gbẹ́ni Nyakoojo ń bọ̀ wá jókòó ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ní bí kíláàsì ò bá dáhùn, kí n di ẹrù mi."

Nyakoojo ni alábòójútó ẹ̀kọ́. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ohun tó bá sọ, ó sọ ọ́ náà nìyẹn.

Iṣẹ́ ẹran ọ̀sìn ni ò jẹ́ kí n ráyè láti ọ̀sẹ̀ méje; ní ọjọ́ Ajé mo lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì rẹ̀. Akurut ṣí ìwé orúkọ, ó ní, "Byakagaba, kí ló ń mú ilẹ̀ kan?" Byakagaba sorí kọ́. "Kemigisa?" Òun náà sorí kọ́. N ò tíì jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún tí mo ti rí àrùn náà.

Nígbà tí a jáde, mo ní, "Ọmọ mi, o ń pè wọ́n bí ẹni ń pe olè ní kóòtù."

"Orúkọ wọn kọ́ ni?"

"Orúkọ wọn ni. Ta ló ń fi orúkọ gbígbẹ pe ẹni tó fẹ́ràn? Gbogbo wa níbí la ní empaako, orúkọ oríkì tí wọ́n fi ń kẹ́ wa. Ohun tí a kọ́kọ́ ń bi ara wa nìyẹn kí a tó kí ara wa. Ìwọ náà gbọ́dọ̀ ní tìrẹ. Bí o ò bá ní, kí ni wọ́n fẹ́ fi dá ọ lóhùn?"

Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyí o. Màlúù kan ń rọbí lọ́wọ́ ní ọgbà, wọ́n ti ń pè mí, mo sì ya ìwé pélébé kan, mo kọ empaako méjèèjìlá sí i láti orí Abwooli títí dé orí Okaali, mo ní, "Mú èyí tó bá wù ọ́." Mo bá sáré lọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èmi ò fẹ̀sọ̀ mú un.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, Akurut dúró níwájú kíláàsì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Láti òní lọ, Okaali ni kí ẹ máa pè mí."

Gbogbo kíláàsì fò dìde. Ọmọbìnrin kan tilẹ̀ kúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú jáde, tí wọ́n ń yí lulẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín: Kateeba, ẹni ogójì ọdún tó fi iṣẹ́ ọgbà tíì sílẹ̀ wá kàwé, tí baba ńlá rẹ̀ ń fún wàrà fún ààfin. Ó mú fìlà rẹ̀, ó kọrí sí ọ́fíìsì Nyakoojo.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pe àwa méjèèjì.

"Abwooli," ni Nyakoojo fi empaako mi pè mí, "ọmọ tí mo fà lé ọ lọ́wọ́ ti gorí ìtẹ́. Ọba nìkan ló ń jẹ́ Okaali. Ṣé kí n máa wá tẹ́ awọ àmọ̀tẹ́kùn fún un ni?"

"Araali," mo fi tirẹ̀ dá a lóhùn, "ẹ má bínú. Èmi ni mo kọ ọ́ fún un, n ò sì kì í nílọ̀."

"Kateeba ní òun ò wọ kíláàsì ẹ̀ mọ́. Àwọn tó kù á tẹ̀ lé e. Ọ̀la ni mò ń bọ̀. Tí mo bá bá àga lófìfo, ẹ̀bẹ̀ ò sí o."

Níta, omi lé ròrò sójú Akurut. "Màmá, kí n kúkú máa di ẹrù."

Mo gbá a lọ́wọ́ mú, mo gbàdúrà: Ọlọ́run tó la ẹnu kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Báláámù, la ẹnu ọgbọ̀n ọmọ yìí, má sì jẹ́ kí ìkánjú mi lé ọmọ ọlọ́mọ lọ. Mo ní, "Àmín. Ó yá, jẹ́ ká lọ bá Kateeba."

A bá a níbi tó ti ń fún wàrà, oòrùn ń wọ̀. Akurut kúnlẹ̀ sínú koríko.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀ ni. Mo wá gba empaako lọ́wọ́ yín. Èyí tó bá tọ́ sí mi ni kí ẹ fún mi."

Wàrà ń dún ṣìì, ṣìì nínú korobá. Kateeba ní, "Ta ló sọ fún yín pé èèyàn ń ṣa empaako fúnra ẹ̀ bí ẹni ṣa máńgòrò?"

Akurut wò mí. Èmi ń wo màlúù.

"Hẹn-ẹn! Abwooli!" Kateeba bú sẹ́rìn-ín. "Àgbà ńlá bíi tiyín? Ẹ sì tún lè dákẹ́!" Ó dìde, ó nu ọwọ́. "Ẹ dìde, olùkọ́. Empaako kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá fúnni. A máa ń jẹun sí i ni. Ẹ ro karo, òkèlè jéró wa, wá láàárọ̀ ọ̀la, èmi á kó àwọn ará kíláàsì mi jọ."

Nígbà tí Nyakoojo dé lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, àga kan ò ṣófo. Òkèlè jéró gbígbóná wà lórí tábìlì tí wọ́n fi ń yẹ yẹ̀pẹ̀ wò, firinda wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀wà náà ń dán fún bọ́tà, ariwo lórí empaako tó tọ́ sí Akurut sì gba ilé kan.

"Abooki ni! Olùkọ́ kọ́ ni?"

"Abooki kẹ̀? Ọmọdé yìí? Ó di ìgbà tó bá hu ewú!"

"Akiiki!"

"Ẹ̀yin Akiiki ti pọ̀ jù, ẹ fi ẹlòmíì sílẹ̀!"

Kateeba bu òkèlè, ó fi lé Akurut lọ́wọ́. "Adyeri ni. Ó wá bá mi lórí ìkúnlẹ̀, kò purọ́, kò sì di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni. Adyeri, ẹ gbà kí ẹ jẹ."

"Adyeri!" ni gbogbo wọn hó.

Nyakoojo wú ikọ́ lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ rèé?"

Akurut gbé òkèlè náà mì, ó yíjú sí i. "Òun gan-an ni, Araali. Ẹ wọlé, ẹ bu díẹ̀." Ó wá kọjú sí kíláàsì. "Akiiki, ilẹ̀ wo ló hu jéró yìí?"

Àwọn mẹ́fà ló dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ní ilẹ̀ dúdú, òmíràn ní eérú òkè tó bú gbàmù láyé ìjelòó, ẹnì kẹta ní irọ́ ni, ilẹ̀ pupa ọ̀nà Kyenjojo ni, ìyá òun ló gbìn ín. Wọ́n ta kò ó. Akurut bu yẹ̀pẹ̀ sílẹ̀ níwájú wọn pé kí wọ́n fọwọ́ kàn án kí wọ́n tó jà. Kó tó pẹ́, Nyakoojo ti ká apá aṣọ rẹ̀, òun àti Kateeba ń bá ara wọn jiyàn lórí àmọ̀, òkèlè lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Nígbà tó ṣe, ó nu ọwọ́, ó ní, "Adyeri, ẹ má di ẹrù kankan. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ." Ó jáde, ṣùgbọ́n iyàn náà ò dáwọ́ dúró.

Mo rìn lọ síwájú láti kí Akurut kú oríire. Mo fẹ́ rán an létí pé kó má gbàgbé láti kọ kókó ẹ̀kọ́ sójú pátákó, kó sì tún gbé ohùn rẹ̀ sókè díẹ̀. Ọwọ́ mẹ́wàá ló wà lókè tí wọ́n ń pè é.

"Màmá," ó rọra sọ sí mi létí, "ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ. Ẹ jẹ́ kí n ráyè kọ́ wọn."

Mo gbé àpò mi kọ́ èjìká. Ògo ni f'Ọ́lọ́run.