Ọkọ̀ Tí Kò Gbé Omi Mímu

Nígbà tí wọ́n gbé Jímọ́ọ̀ sọ sínú ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà ní dídè sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ sì ti wú débi pé ètè kò pàdé mọ́. Ọmọ́yẹlé dúró lórí afárá pákó ní èbúté, ó ń wò ó. Bó bá jẹ́ pé ojú ń pa ènìyàn ni, Jímọ́ọ̀ ì bá ti kú. Ṣìkẹ́mi, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọmọ́yẹlé bí, ni wọ́n bá òkú rẹ̀ lẹ́nu ọgbà ẹja, àmì ìka ènìyàn wà lọ́rùn rẹ̀. Inú ọkọ̀ tí Jímọ́ọ̀ fi ń kiri aṣọ láti Awoye dé Abereke ni wọ́n ti rí gèlè ọmọ náà.

Kí ni wọ́n tún fẹ́ wádìí? Jímọ́ọ̀ lanu pé, "Gèlè yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló..." ẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n fi dá a lóhùn. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ parí ọ̀rọ̀ náà ni ẹ̀ṣẹ́ mìíràn ń bá a níbẹ̀. Àwọn ènìyàn tí wọn kì í ra ẹja kan ṣoṣo láìṣí etí rẹ̀ wò, àwọn ló parí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ní wàràwàrà bẹ́ẹ̀! Ọmọ́yẹlé gan-an ló kọ́kọ́ pariwo pé kí wọ́n pa á.

Baálẹ̀ ló dá wọn dúró. Kì í ṣe pé àánú ṣe é o, ẹ̀rù ajẹ́lẹ̀ ló ń bà á. Ó ní kí wọ́n gbé ọmọkùnrin náà lọ sí kóòtù ní Okitipupa láàyè. Olówòkéré, àbúrò ọkọ Ọmọ́yẹlé tó ti kú, ní òun yóò tu ọkọ̀ náà. Lawrence, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ní òun yóò bá a lọ. Àwọn ènìyàn kí wọn kú iṣẹ́.

Ọmọ́yẹlé ti ń padà lọ sílé nígbà tó bojú wẹ̀yìn. Ó wo inú ọkọ̀ náà láti iwájú dé ìdí. Àjẹ̀ wà níbẹ̀, igbá tí wọ́n fi ń gbọ́n omi wà níbẹ̀. Kò sí oúnjẹ, ìbáà ṣe púpurú tàbí ẹja gbígbẹ, kò sí ẹní. Ohun tó já a láyà jù ni pé kò sí ìkòkò omi mímu. Iyọ̀ ni gbogbo omi tó yí abúlé wọn ká, ẹni tó bá sì ń lọ sí Okitipupa kò lè délé lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tó ń gbàgbé omi. Àwọn méjì yìí fẹ́ padà dé kí òùngbẹ tó gbẹ wọ́n ni.

Ó yé e. Wọ́n á dé àárín ọ̀sà, ọkọ̀ á dojú dé. Àwọn tí ọwọ́ wọn wà lómìnira á wẹ̀ jáde, ẹni tí wọ́n dè á lọ sísàlẹ̀. Wọ́n á ní ìjì ni.

Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Àní ó dùn, kí a má parọ́. Lẹ́yìn náà ni àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já. Bí Jímọ́ọ̀ bá rì lónìí, ta ni yóò sọ fún un bí Ṣìkẹ́mi ṣe kú? Bí kì í bá sì ṣe Jímọ́ọ̀ ló pa á ńkọ́? Ó wo èrò tó kún èbúté, àwọn tó bá a sunkún, tó bá a sin ọmọ. Bí kì í bá ṣe ẹni tí wọ́n dè yìí, á jẹ́ pé ẹni tó ṣe é wà láàárín wọn, tó ń retí kí ọkọ̀ lọ.

Ó sáré wọlé. Ó gbé ìkòkò omi, ó kó púpurú àti edé gbígbẹ sínú apẹ̀rẹ̀, ó sì wọ inú ọkọ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Ìyàwó wa, kí lo ń ṣe níbẹ̀?" Olówòkéré béèrè.

"Ọkọ mi, ẹ gbàgbé omi."

"Sọ̀kalẹ̀. Iṣẹ́ ọkùnrin nìyí."

"Ọmọ tèmi ló kú. Mò ń bá yín lọ sí kóòtù."

Baálẹ̀ ń wò wọ́n. Olówòkéré rí i, ó gbé àjẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n tu ọkọ̀ lọ. Nígbà tó yá, Jímọ́ọ̀ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, omi." Ọmọ́yẹlé gbé igbá sí i lẹ́nu. Ìdajì omi náà dà sílẹ̀. Ó wù ú kó da ìyókù sí i lójú.

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi," ló sọ.

Wọ́n dé àárín ọ̀sà. Àjẹ̀ méjèèjì dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ọkọ̀ mìíràn níbi tí ojú lè dé.

"Ìyàwó wa," ni Olówòkéré wí, ohùn rẹ̀ tutù, "ṣebí o mọ̀ ọ́n wẹ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n wẹ̀."

"Ó dáa. Kò séwu fún ọ nígbà náà."

Ọmọ́yẹlé rá lọ sẹ́yìn, sọ́dọ̀ Jímọ́ọ̀. Ó fa ìyókù okùn tí wọ́n fi dè é, ó so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀, ó tún un so, ó fi eyín fà á le.

"Ẹ má bínú, ọkọ mi," ó ní. "N ò mọ̀ ọ́n wẹ̀ mọ́."

"Orí rẹ ti dàrú! Ìwọ kọ́ lo ní kí wọ́n pa á?"

"Èmi ni. Ó ṣeé ṣe kí n tún sọ ọ́ níwájú adájọ́. Ṣùgbọ́n ó máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ tán."

Jímọ́ọ̀ bú sẹ́kún. Lawrence wo obìnrin náà, ó wo okùn, ó sì ti àjẹ̀ rẹ̀ bọ omi, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tu ọkọ̀. Olówòkéré kò gbé tirẹ̀. Kò wo Ọmọ́yẹlé rárá, ẹnu wíwú Jímọ́ọ̀ ló ń wò, ìbínú sì ti kúrò lójú rẹ̀. Ẹ̀rù ohun tí ẹnu náà fẹ́ sọ ló kù níbẹ̀.

Ọmọ́yẹlé rí i. Ó di okùn náà mú ṣinṣin.